Ẹ gbowó mi tán, ẹ wá ń ka ìwé ọ̀fẹ́ sí mi létí

Inú ń bí mi gidigidi. Àkọsílẹ̀ gbèsè oṣù mẹ́ta ni sọ́fítíwíà tí mo fi ń tajà gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Oníbàárà mi kan dúró níwájú káńtà, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ló kù lọ́rùn òun. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, funfun báláú. Kí ni mo fẹ́ sọ? Iye tó ní òun jẹ ni mo gbà.

Mo pe àwọn tó gba ₦180,000 lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó bá mi gbé e sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tí wọ́n rán wá ò tiẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ṣí ìwé àṣẹ sọ́fítíwíà náà, GPL ẹ̀dà kejì ti ọdún 1991, ìyẹn ìwé tí àwọn tó ń fi sọ́fítíwíà wọn ta aráyé lọ́rẹ máa ń so mọ́ ọn, ó nàka sí ibi tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé kò sí wáráńtì. "Mọ́mì, ẹ kà á fúnra yín."

Mo kà á. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yẹn gan-an ni pé torí wọn ò gbowó àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni kò fi sí wáráńtì. Wọn ò gbowó! Ìwé náà tún ní àfi bí ẹnì kan bá kọ ohun mìíràn sílẹ̀. Rìsíìtì àwọn tó gbowó mi rèé lọ́wọ́ mi, tòun ti sítáǹbù: "A ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan." Ṣé wọn ò kọ ìyẹn sílẹ̀ ni? Lókè nínú ìwé kan náà, níbi tí ọmọ yẹn fò kọjá, ó wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá wù lè gbowó, kó fi wáráńtì tirẹ̀ lé e.

Mi ò bá ẹni tó kọ sọ́fítíwíà náà jà o. Ó ṣe tirẹ̀, ó ní kí gbogbo ayé wá mú, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Bí aládùúgbò mi bá ní kí n wá ṣa máńgòrò abẹ́ igi rẹ̀, tí mo wá bá kòkòrò nínú ọ̀kan, mi ò ní lọ jà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ṣa á, tó pàtẹ rẹ̀, tó gbowó lọ́wọ́ mi, o ò lè ní kí n lọ bá igi sọ ọ́.

Òfin ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, ní ẹni tó bá gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é bó ṣe yẹ. Kí wọ́n wá wá àkọsílẹ̀ mi jáde. Bí wọn ò bá rí i, kí wọ́n dá owó mi padà. Mo ti fún wọn di ọjọ́ Ẹtì.