Ta ló fi Fẹlá wé Bach?

Akọrin Béèsì: Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Lọ́jọ́ Sátidé tí a kọ́ orin tán ní kọ́áyà, ọmọkùnrin tó ń tẹ dùùrù fún wa ń sọ̀rọ̀ nípa Bach àti Mozart, àwọn òyìnbó tó kọ orin láyé àtijọ́, ó ní Fẹlá ni Bach tiwa, pé Wizkid sì ni Mozart ayé ìsinsìnyí. Mo ní kó lọ sinmi. Bach tó jẹ́ pé nígbà tó dé ìlú Leipzig ní Jámánì ní 1723, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kọ kàǹtátà tuntun, ìyẹn orin tí akọrin àti ohun èlò jọ máa ń ṣe, fún ìsìn! Nǹkan bí igba nínú wọn ló ṣì wà lónìí. Ta la fẹ́ fi wé e?

Ọmọ Fújì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Fẹlá náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Orin tó bá ti wọ inú àwo, kì í sábà kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́, tuntun ló máa ń gbé lọ bá wọn ní Shrine, ilé ijó rẹ̀ ní Èkó. Orin kan ṣoṣo á gba odindi ojú àwo kan. Gìtá á ti dún, fèrè á ti sọ tẹnu ẹ̀, ìlù Tony Allen, onílù rẹ̀, á ti gbé èèyàn lọ sókè lọ sódò, kí bàbá tó lanu. Ó sì kàwé orin o: Trinity College of Music ní London, 1958.

Akọrin Béèsì: Ṣé pé èèyàn lọ sí Trinity ló ń sọ ọ́ di Bach? Èmi náà gbé Ìbàdàn rí, mi ò jẹ Olúbàdàn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò ní fi ẹ̀rín pa mí! Ohun tó máa ń bí mi nínú ni kí wọ́n ní orin tiwa ò níyì nítorí pé àwọn olórin wa ń ki olówó. Ta ni ò ki olówó? Haydn, olórin òyìnbó bíi tiwọn, sin ìdílé ọlọ́lá Esterházy fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, aṣọ ìránṣẹ́ ló ń wọ̀ níbẹ̀. Beethoven náà fẹ́ fi símfónì rẹ̀ kẹta, orin ńlá fún ọ̀pọ̀ ohun èlò, yẹ́ Napoleon olórí Faransé sí. Nígbà tó gbọ́ ní 1804 pé ọkùnrin náà ti fi ara rẹ̀ jọba, ó họ orúkọ ọ̀hún dànù tìbínútìbínú títí ìwé fi lu.

Ọmọ Fújì: Tiwa kì í họ orúkọ ní tiwọn, mọ́mì. Wọ́n á kàn fi orúkọ ẹlòmíràn sí i 😂

Ìyá Ìbejì: Beethoven náà fi sí i! Ọmọ ọba Lobkowitz tó ń náwó fún un ló padà fi símfónì yẹn yẹ́ sí.

Ọmọ Àyàn: Ìdílé onílù ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nínú ilé Kútì, Fẹlá kọ́ ló jọ Bach. Bàbá bàbá rẹ̀ ni, Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti. Ṣé ẹ rántí àwọn orin òyìnbó tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ròkè á wálẹ̀, ọkọ́ á di ọkọ̀, ẹni tó gbọ́ èdè á máa wo sùn-ùn. Bàbá yìí gbé orin kalẹ̀ fún ìjọ lọ́nà tí ohùn orin fi ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti lu dùndún rí, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Ní 1922 ó lọ kọ wọ́n sínú àwo ní London fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ẹ tún wo ìran. Bàbá Bach jẹ́ olórin ìlú ní Eisenach, mẹ́rin nínú àwọn ọmọkùnrin Bach sì di olórin tí ayé mọ̀. Ní Abẹ́òkúta, J.J. bí Israel, ọ̀gá ilé ìwé tó mọ dùùrù í tẹ̀. Israel bí Fẹlá. Fẹlá bí Fẹ́mi àti Ṣeun. Fẹ́mi bí Mádé.

Akọrin Béèsì: Háà. Bàbá Àyàn, mi ò gba ibẹ̀ rò ó rí. A ṣì ń kọ orin bàbá yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa! Àmọ́ ẹ má gbàgbé Fela Sowande tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905. Òun ló kọ African Suite ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn bíi fáólìn, tó fi háíláìfù parí ẹ̀.

Ọmọ Fújì: Gbogbo yín ti gbàgbé Wizkid.

Akọrin Béèsì: A ò gbàgbé. A mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Orin ijó lásán ni tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Orin ijó lásán kẹ̀? Iṣẹ́ tí ọba Vienna gba Mozart sí ní 1787 ńkọ́? Orin ijó fún àríyá ààfin ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ọmọ Àyàn: Àbúrò, fara balẹ̀. Bach kú ní 1750, ìwọ̀nba èèyàn ló ń dá orúkọ ẹ̀ mọ̀ títí olórin kan tó ń jẹ́ Mendelssohn fi gbé Ìjìyà Mátíù rẹ̀, orin nípa ìjìyà Jésù, jáde ní Berlin ní 1829. Wizkid ṣì wà láyé, kí lò ń kánjú fún?

Ọmọ Fújì: Ó dáa, Bàbá Àyàn. Ẹ̀gbọ́n Béèsì, kí lẹ fẹ́ sọ fún ọmọ dùùrù yẹn ní Sátidé?

Akọrin Béèsì: Màá ní ó gbọ́ orúkọ ilé, kò gbọ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ má sọ fún un pé níbí ni mo ti gbọ́ o.