Ẹni tó ń rì sómi kì í pariwo

Bi òbí tó jókòó sábẹ́ kánópì pé ta ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ inú omi, á ní, "Mò ń gbọ́ ohùn wọn láti ibí. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, wọ́n á ké." Fíìmù ló kó èyí sí wa lórí: ẹni tó ń rì á máa ju ọwọ́, á máa kígbe "ẹ gbà mí o!", omi á máa ta sókè. Irọ́ ni, àgàgà tó bá jẹ́ ọmọdé.

Ẹni tó rẹ̀ nínú omi, tí agbára ṣì kù lára rẹ̀ díẹ̀, lè ké lóòótọ́, ẹ tètè nawọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì, igbe parí nìyẹn. Frank Pia, ará Amẹ́ríkà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yọ èèyàn nínú òkun ní Orchard Beach, New York, ló fara balẹ̀ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹnu onítọ̀hún á wọ omi, á yọ, á tún wọ̀ ọ́. Àsìkò tó fi yọ kò ju èyí tó lè fi mí lọ. Ẹni tí kò tíì rí èémí mí, kí ló fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Ọwọ́ rẹ̀ kò lè juwọ́ sí ẹnikẹ́ni, torí ńṣe ló nà án sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Ó dúró ṣánṣán bí ẹni ń gun àkàbà tí kò sí níbẹ̀. Láàárín 20 sí 60 ìṣẹ́jú-àáyá, ó ti wọlẹ̀.

Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi gbé lọ lọ́dún 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ẹ wá wo Kérésì lọ́dọ̀ wa, ní Kàbà, Mọpà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn ará Àbújá àti Èkó ti dé, ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ àti èyí tí kò rí omi tó ju ti inú báàfù lọ rí jọ kó sínú suwímíǹ púùlù kan náà. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, orin ń dún, àgbà ogún ló wà níjòókòó, kálukú sì rò pé ẹlòmíì ló ń wò wọ́n. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kì í ṣe etí. Ẹ dárúkọ ẹnì kan, kó gbé fóònù àti abọ́ iyán sílẹ̀, kó dúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó àwọn kéékèèké. Tó bá ṣe díẹ̀, kí ẹlòmíì gbà á. Rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí a ń fi sí wọn lápá kò lè ṣiṣẹ́ yẹn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ilé tí onílé kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Omi ti di àwọ̀ ewé, a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, mẹ́gáàdì ti lọ sóko, ọmọ aládùúgbò sì ń lé bọ́ọ̀lù wọlé. Ta ni yóò gbọ́? Fẹ́ǹsì àgbàlá kò tó. Omi náà gan-an ni kí ẹ ṣe ọgbà yí ká, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí gíga rẹ̀ má dín ní mítà 1.2, kí géètì rẹ̀ máa pa ara rẹ̀ dé. Bí ilé bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kẹrin, ilẹ̀kùn kíṣìnì ti di ojú ọ̀nà omi nìyẹn.

Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dorí ọmọ kodò pé kí omi jáde, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀: èébì lè gba ibẹ̀ wọ ọ̀nà èémí. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja. Bí kò bá mí, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ wá máa tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30, kí ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹlòmíì ń wá mọ́tò. Kódà bó bá jí tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí omi tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.