Ọ̀bẹ Kọ́ Ló Ń Tú Jẹjẹrẹ Ká

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìpàdé ẹbí wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fà mí wọ yàrá ìyá wa, ó ní dókítà fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ lára kókó kan tó wà lọ́mú òun fún àyẹ̀wò. Kí n tó dá a lóhùn, àǹtí wa àgbà tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ: “Ìyàwó wa, má jẹ́ kí irin kàn án o. Bí irin bá fi lè kan jẹjẹrẹ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ara ló máa tú ká sí.” Ìyá mi mi orí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà mi orí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ara tù ú, nítorí pé ó ti rí àgbà tó fún un láyè láti má lọ.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé, lọ́jà, nínú ọkọ̀, àní lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa, títí ó fi sú mi. Irọ́ ni. N kò sọ ọ́ láti tàbùkù àgbà, ṣùgbọ́n irọ́ tó ń pa obìnrin ni, n kò sì lè máa fi ọ̀wọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ẹran ara tí wọ́n bá yọ lára aláìsàn sí pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ ju takàdá lọ, kí n fi aró kùn ún, kí n sì ṣètò rẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù fún dókítà tí yóò sọ ohun tó jẹ́. Ó ti pé ọdún 14 tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé bí ẹran náà bá ti kúrò lára báyìí, inú fọ́màlìnì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ló ń bọ́ sí, fọ́màlìnì yìí ló sì ń mú gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara, dúró gbagidi síbi tó bá wọn. Sẹ́ẹ̀lì kankan kì í rìn nínú fọ́màlìnì. Nítorí náà, ohun tí mo ń rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù ni bí nǹkan ṣe rí nínú ọmú náà ní ìṣẹ́jú tí abẹ́rẹ́ wọlé. Nígbà tí mo bá sì rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ti já ààlà rẹ̀ kọjá, tàbí tó ti wà nínú òpó tí omi ara ń gbà lọ sí abíyá, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ ló gbé e débẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń débẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọmú tí ara rẹ̀ dá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ojú inú ọ̀nà tí omi ọmú ń gbà kọjá máa ń dúró ti ara wọn bí ẹni tó pa agbo yí ihò kékeré kan ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orí, ó ní ẹsẹ̀: orí kọjú sí ihò náà, ẹsẹ̀ sì tẹ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó pààlà láàárín wọn àti ìyókù ẹran ọmú. Ohun tí wọ́n fi ń di ara wọn mú ni purotéìnì kan tó ń jẹ́ E-cadherin, ọ̀kan lára ìdílé purotéìnì tí Masatoshi Takeichi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, ṣàwárí. Sẹ́ẹ̀lì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá yí ká báyìí kì í ṣàdédé pín sí méjì. Ó gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ láti òde; purotéìnì tó dà bí etí lára rẹ̀ ni yóò gbọ́ iṣẹ́ náà, tí àwọn tó wà nínú yóò sì máa fi lé ara wọn lọ́wọ́ títí yóò fi dé ibi tí jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn purotéìnì tí wọ́n ń pè ní cyclin, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Tim Hunt rí nínú ẹyin ẹranko inú òkun kan ní ọdún 1982, yóò pọ̀ sí i, tí wọn yóò sì mú sẹ́ẹ̀lì náà gba ipele kan dé òmíràn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lójú ọ̀nà náà, purotéìnì tó ń jẹ́ p53 ni a mọ̀ jù nínú wọn. Bí jíìnì bá fara pa, òun ló ń dá iṣẹ́ dúró kí àtúnṣe lè wáyé.

Jẹjẹrẹ ni orúkọ tí à ń pe ìgbà tí ètò yìí bá bàjẹ́ láti inú. Ní ọdún 1982 kan náà, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ jíìnì kan tó ń jẹ́ RAS wò nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, wọ́n sì rí i pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú rẹ̀. Lẹ́tà kan yẹn tó láti mú kí purotéìnì tó yẹ kó dákẹ́ lẹ́yìn tó bá ti jíṣẹ́ máa pariwo lọ láìdákẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì sì máa pín nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Nínú nǹkan bí ẹyọ kan lára jẹjẹrẹ ọmú márùn-ún, etí kan tó ń jẹ́ HER2 ló pọ̀ lápọ̀jù lára sẹ́ẹ̀lì. Nítorí ìyẹn ni wọ́n fi ṣe oògùn trastuzumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1998. Ẹ kíyè sí i pé a kò lè mọ ẹni tí oògùn yìí yóò ṣiṣẹ́ fún láìjẹ́ pé a yọ díẹ̀ lára kókó rẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní kí irin má kàn án ti gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrísí sẹ́ẹ̀lì náà a wá yí padà. Nínú irú jẹjẹrẹ ọmú kan tí wọ́n ń pè ní lobular, E-cadherin ti sọnù, sẹ́ẹ̀lì kò lè di ọmọnìkejì rẹ̀ mú mọ́, wọ́n sì ń tò tẹ̀lé ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan gba àárín ẹran kọjá bí ìjàlọ. Mo ti rí ìlà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì tíì mọ́ mi lára. Nínú àwọn irú mìíràn, E-cadherin ṣì wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì a sì máa já ààlà ní ìdì-ìdì. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní New Zealand tọpa jẹjẹrẹ inú ikùn tó ń pa àwọn ará ìdílé Maori kan láti ìran dé ìran, wọ́n sì rí i pé jíìnì tó ń ṣe E-cadherin gan-an ni wọ́n jogún ní bíbàjẹ́. Ta ló fi ọ̀bẹ kan jíìnì wọn?

Èyí tó wú mi lórí jù ni iṣẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Mina Bissell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní California ní ọdún 1997. Wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú sínú ohun rírọ̀ tó jọ ti inú ara, wọ́n sì dí ojú purotéìnì kan ṣoṣo tó fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti rí rúdurùdu padà pa agbo, orí wọn kọjú sí àárín, wọ́n sì ṣíwọ́ pípín, bẹ́ẹ̀ jíìnì wọn tó bàjẹ́ ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ìrísí, iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń gbọ́, àti pípín rẹ̀ so kọ́ra. Bí o bá fa ọ̀kan, ìyókù á tẹ̀ lé e. Inú ibẹ̀ ni agbára láti tàn ká ti ń wá. Kò sí ohun tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ tó lè kọ́ sẹ́ẹ̀lì ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ìṣirò. Kókó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan ní sẹ́ẹ̀lì tó tó bílíọ̀nù kan nínú. Kí ẹyọ kan tó di bílíọ̀nù kan, yóò ti di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ìgbà 30. Ọ̀nà ti jìn kí ìka ọwọ́ tó kàn án rárá. Bí sẹ́ẹ̀lì bá sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn nìkan kò tó: ní ọdún 1970, onímọ̀ jẹjẹrẹ Isaiah Fidler da sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tààrà sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku, kò sì tó ẹyọ kan nínú 1,000 tó yè láti di kókó tuntun. Nínú ènìyàn ńkọ́? Ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2015 lórí àwọn tó lé ní 2,000 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àmọ́ (pancreas) fún. Ẹ̀mí àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ yẹ̀ wò kò kúrú ju ti àwọn yòókù lọ.

Mo gbà pé ní àwọn ibì kan bí ẹ̀dọ̀ àti kóró ẹpọ̀n, abẹ́rẹ́ lè já sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sójú ọ̀nà tó gbà, àwọn dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ra fún un. Kókó ọmú ni mo ń sọ.

Àwọn tó gba irọ́ yìí gbọ́ á ní àwọn mọ ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tó sì kú láìpẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè iye oṣù tó fi wà nílé kó tó lọ. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ìgbàgbọ́ yìí wà: nígbà tí wọ́n bi aláìsàn 626 léèrè ní Amẹ́ríkà, nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní ọdún 2003, 38 nínú ọgọ́rùn-ún gbà pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń tàn ká bí afẹ́fẹ́ bá kàn án nígbà iṣẹ́ abẹ, ti àwọn aláwọ̀ dúdú sì tó 61. Pé ó wọ́pọ̀ kò sọ ọ́ di òtítọ́.

Ní ọdún 2012, àbúrò ìyá mi rí kókó tó tó hóró àgbàdo lọ́mú ọ̀tún rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n sọ fún un, ó sì gbà. Àgúnmu àti ìlẹ̀mọ́ ni wọ́n ń fún un fún oṣù 16. N kò mọ̀ sí i, nítorí pé wọ́n ní kí wọ́n má sọ fún mi, torí pé èmi ni mo máa ní kó lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, awọ ọmú ti bẹ́, egungun ẹ̀yìn ń ro ó débi pé kò lè dìde jókòó, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí pé ó ti dé ẹ̀dọ̀. Irin kankan kò kàn án. Abẹ́rẹ́, abẹ, ọ̀bẹ, ìkankan nínú wọn kò sún mọ́ ọmú yẹn láti ọjọ́ tó ti rí kókó náà títí di ọjọ́ yẹn, jẹjẹrẹ náà sì dé gbogbo ibi tó fẹ́ dé. Mo sọ èyí fún àǹtí wa àgbà ní ọjọ́ Àìkú, níwájú ìyá mi tó sin àbúrò rẹ̀. Wọn kò dá mi lóhùn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀. Ó bi mí bí abẹ́rẹ́ náà ṣe máa ń dunni tó. Mo ní wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí ojú ibẹ̀ yóò fi kú, pé yóò gbọ́ ìró kan tí yóò ta pàá nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, àti pé yóò padà sílé lọ́jọ́ náà. Ó bi mí bóyá mo lè tẹ̀ lé òun. Ọjọ́rú ni a máa lọ.