Kí Ẹ Tó Dáwó Àga, Ẹ Béèrè Owó Ìjọba

Bí ẹ bá wọ ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba lọ́dọ̀ wa lónìí, orúkọ lẹ ó kọ́kọ́ rí lára ògiri. Àwọn tó jáde lọ́dún báyìí ló kan páànù, ẹgbẹ́ báyìí ló gbẹ́ kànga, ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ló ra àga. A kí wọn kú ìnáwó. Ohun tí kò sí lára ògiri náà ni ìṣirò owó tó yẹ kí ìjọba fi ṣe é.

Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé JSS 3. Ìjọba àpapọ̀ ń yọ owó sọ́tọ̀ fún un, àmọ́ ìpínlẹ̀ ò lè rí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ gbà àfi tó bá kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀. Èyí tí kò bá gbé e kalẹ̀, owó á jókòó sí Àbújá, ọmọ á jókòó sórí símẹ́ńtì.

Ta ló ń béèrè? A wà níbi ìpàdé òbí kan láìpẹ́ yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìyá mọ́kànlá ló wá, bàbá kan ṣoṣo. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì ti tán, wọ́n bu owó lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí. Ìyá kan tó sọ igbá ata rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ má bínú mà, èyí tí ìjọba fún wa ńkọ́?" Ilé pa lọ́lọ́. Ẹnìkan ní kó jókòó, kó má da ìpàdé rú.

Àwa ní kó tún dìde. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún un láṣẹ láti béèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Kò ní láti sọ ìdí. Bí kò bá mọ̀wé kọ, ẹlòmíì lè bá a kọ ọ́. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ pé òfin náà ò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pa ẹnu wọn mọ́ lóṣù Kẹrin 2025.

Àyè tún wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iléèwé, ìyẹn SBMC: òbí, baálẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́, kódà ọmọ iléèwé. Ẹ lọ béèrè àwọn tó wà níbẹ̀ ní iléèwé ọmọ yín. Bó bá jẹ́ pé orí ìwé nìkan ló wà, ẹ ní kí wọ́n pè é jọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, táwọn bàbá ò ní rí àwáwí wí. Ẹ má sì gbàgbé káfíńtà. Bí káfíńtà bá jókòó síbẹ̀, ta ló máa pe pákó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní ọgbọ̀n?

Àwọn kan á ní kí ìjọba tó dáhùn, ọmọ á ti dàgbà. Òótọ́ ni, òjò kì í dúró de lẹ́tà. Ẹ kan páànù tó ń jò. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i, tí alága káńsù bá wá gé ríbọ́ọ̀nù, ẹ fi ìwé ìbéèrè yẹn lé e lọ́wọ́ kó tó mú àlùmágàjí.