Ẹnu Tó Ti Pe Adégún

Àwọn àgbà ní ẹnu tí a fi pe adégún, a kì í fi pe adé ò gún. Òwe yìí kò ní kí ará ìlú má rí àlébù ọba o. Ohun tó ń wí ni pé afọbajẹ ti jókòó, Ifá ti fọhùn, ìlú ti hó yèè, tọmọdé tàgbà ti dọ̀bálẹ̀ pé "Kábíyèsí". Bí ẹnu kan náà bá wá yí padà lọ́dún kejì pé òun ò rí adé lórí ẹni yìí rí, ẹnu ọ̀hún ló yẹ ká yẹ̀ wò, kì í ṣe adé.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń tẹ òwe yìí mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ lọ sí ìdí bọ́ọ̀lù. Àwa òǹwòran la ń fi èèyàn jọba láàárọ̀, àwa náà la ń gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i lálẹ́.

Ẹ wo Lionel Messi. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ní New Jersey, Argentina àti Chile gbá àṣekágbá Copa América, kò sẹ́ni tó jẹ góòlù kankan, ó di pẹnáritì. Messi ló kọ́kọ́ gbá ti Argentina. Bọ́ọ̀lù náà gba òkè òpó kọjá. Chile gbé ife lọ. Ọdún kẹta léraléra nìyẹn tí Argentina ń fìdí rẹmi nínú àṣekágbá: Jámánì lù wọ́n ní 2014, Chile ní 2015, Chile tún ni lọ́tẹ̀ yìí. Messi ní òun ò gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè òun mọ́. Tipẹ́tipẹ́ làwọn ará ilé rẹ̀ ti ń sọ pé kì í kọ orin orílẹ̀-èdè, pé Barcelona tó gbà á ní ọmọ ọdún 13 ni ọkàn rẹ̀ wà, pé Maradona làwọn mọ̀ ní tàwọn. Bó ṣe ní òun ò ṣe mọ́ báyìí, ohùn yí padà, ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère rẹ̀ kan ní Buenos Aires. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní 2017, àwọn kan ti gé ère náà sí méjì, láti ìbàdí sókè ò sí mọ́. Wọ́n tún un ṣe. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún gé e ní ọrùn ẹsẹ̀, ère wó lulẹ̀ gbì.

Yorùbá ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Messi dère láàyè, ẹ wá rí ohun tójú ère rí. Bóyá ìdí tí àwọn baba wa fi ń dúró di ẹ̀yìn ikú nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn pẹnáritì yẹn, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2022, ní pápá Lusail ní Qatar, Argentina àti Faransé ti gbá 3-3 nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Àsìkò àfikún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kolo Muani ti Faransé dá kojú Emiliano Martínez, aṣọ́lé Argentina, ó sì rọ́ bọ́ọ̀lù náà lù ú. Martínez na ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù bá ẹsẹ̀, ó ta dànù. Lẹ́yìn èyí ni Argentina borí ní pẹnáritì, 4-2. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní ẹjọ́ ti tán, Messi lọ̀gá gbogbo wọn. Ó dáa. Ká ní bọ́ọ̀lù Kolo Muani wọlé ńkọ́? Kí ni ì bá yí padà lára Messi? Góòlù méjì tó jẹ lọ́jọ́ náà, ó ti jẹ ẹ́ ná. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn la fi gbé adé lé e lórí, a wá ń pariwo bí ẹni pé a ti mọ̀ látàárọ̀.

Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a kì í sọ ohun tí a fẹ́ fi wọn èèyàn kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ẹ dúró ti ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó gbọ́. Ẹni tó fẹ́ràn Pelé á ka ife mẹ́ta fún yín: 1958, 1962, 1970. Kò ní fi kún un pé eré kejì ni ìfarapa ti yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje ti 1962, tó jẹ́ pé Garrincha ló ru Brazil dé òkè. Bó bá jẹ́ ife ni ká fi wọ̀n ọ́n, níbo ni ká fi George Weah sí, tó gba Ballon d'Or, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, ní 1995, tí Liberia kò sì bá a dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí? Ẹni tó bá fẹ́ràn Weah náà á yára gbé òṣùwọ̀n mìíràn jáde. Ọlọ́jà tó bá ní kóńgò ìrà lọ́tọ̀, tó ní kóńgò ìtà lọ́tọ̀, gbogbo wa la mọ orúkọ tí à ń pè é.

Ọmọ tí kò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jiyàn lónìí kò mọ Rashidi Yekini ju pé ó di àwọ̀n mú. Dallas ni, ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, Finidi gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá ọ̀tún, Yekini tì í wọlé, ó sáré wọ inú àwọ̀n Bulgaria, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó ń mì í, ó ń pariwo, omijé ń bọ̀. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Bulgaria tí wọ́n lù ní 3-0 lọ́jọ́ náà ló padà ṣe ipò kẹrin. Ọkùnrin tó ti jẹun ní Shooting Stars ní Ìbàdàn ló lọ jẹ góòlù 21 ní sáà kan ní ilẹ̀ Potogí, tí kò sẹ́ni tó jẹ tó o níbẹ̀ lọ́dún náà. Èmi ò ní ó ju Messi lọ, àwàdà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí i gbá, kí ó lọ wò ó ná kó tó ka orúkọ mẹ́wàá fún wa.

Ní Amẹ́ríkà, ti kóòṣì ni àrùn yìí fi ń ṣe wọ́n, pàápàá nínú bọ́ọ̀lù wọn tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbá. Ẹ má fojú kékeré wò ó: pápá Michigan nìkan ń gbà ju 107,000 èèyàn lọ, owó kóòṣì ńlá sì ju ti gómìnà lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá fẹ́ yan tuntun, àwọn alátìlẹ́yìn á máa tọpa bàálù lórí fóònù kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n lọ bá sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2008, Yunifásítì Auburn mú Gene Chizik ní kóòṣì. Iowa State ló ti ń bọ̀, níbi tó ti borí nínú eré márùn-ún, tó sì fìdí rẹmi nínú 19. Alátìlẹ́yìn kan lọ dúró de ọ̀gá eré ìdárayá Auburn ní pápákọ̀ òfurufú, ó ń jágbe mọ́ ọn pé olórí làwọn fẹ́, àwọn ò fẹ́ olófo. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2011, Chizik gba ife gbogbo Amẹ́ríkà, eré 14, kò pàdánù ọ̀kan. Wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀. Ní 2012 ó pàdánù mẹ́sàn-án nínú 12, wọ́n lé e. Èwo nínú ariwo mẹ́ta yìí ló tọ̀nà? Ní tèmi, kò sí. Cam Newton, ọmọ tó ń darí ikọ̀ náà nínú pápá, lo sáà kan péré ní Auburn, sáà tí wọ́n gba ife náà sì ni. Àwọn èèyàn ń wo Chizik, wọn ò wo ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti Scott Frost. Ọmọ Nebraska ni, òun ló darí ikọ̀ yunifásítì wọn nínú pápá nígbà tó ṣì jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n gba ife ní 1997. Ó wá di kóòṣì ní yunifásítì UCF, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ borí eré 12 níbẹ̀ láìpàdánù ọ̀kan nígbà tí wọ́n pè é wálé ní 2017. Èmi ò rántí ẹnì kan tó ní adé yẹn ò gún. Ní Nebraska, ó borí 16, ó pàdánù 31. Oṣù Kẹsàn-án 2022 ni wọ́n lé e, lẹ́yìn tí Georgia Southern wá lù wọ́n nílé. Ọmọ ìlú là ń yọ̀ mọ́, iṣẹ́ la gbàgbé láti béèrè.

Ìgbà kan wà tí mo lè ní kí ẹ ní sùúrù, kí ẹ fún kóòṣì ní ọdún mẹ́ta títí àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ mú wá láti ilé ẹ̀kọ́ girama yóò fi dàgbà. Àmọ̀ràn yẹn ò fi gbogbo ara dúró mọ́. Agbábọ́ọ̀lù ń ṣí láti yunifásítì kan sí òmíràn lọ́dọọdún báyìí. Yunifásítì Indiana borí nínú eré mẹ́ta péré ní 2023. Kóòṣì tuntun, Curt Cignetti, dé, ó kó lára àwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti Yunifásítì James Madison, wọ́n borí nínú 11 ní 2024. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yà lẹ́nu, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń bọ̀ ló wò. Cignetti ò tíì ní sáà tí ìpàdánù rẹ̀ ju ìborí lọ láti ìgbà tó ti di olórí kóòṣì. Ó wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á.

Nítorí náà, kí wọ́n tó dárúkọ kóòṣì tuntun fún yín, ẹ bi ara yín léèrè: irú ọmọ wo ló ti kọ́ rí? Kí ló rí bá nílẹ̀, kí ló fi ṣe? Ohun tí ẹ bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ síbì kan, nítorí orí á gbàgbé bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Alabama nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 2024. Kóòṣì wọn, Nick Saban, fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ife mẹ́fà níbẹ̀, Kalen DeBoer gba ipò. Nígbà tí Vanderbilt lù ú ní oṣù Kẹwàá, àwọn kan ti ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ní 2007, ọdún àkọ́kọ́ Saban, Louisiana-Monroe wá lu òun náà nínú ilé rẹ̀. Saban borí méje, ó pàdánù mẹ́fà ní sáà yẹn. DeBoer borí mẹ́sàn-án, ó pàdánù mẹ́rin ní tirẹ̀.