Ọmọ alágbo ni mí, mi ò sì ní fọ ìfun kankan

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde jàre, torí láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìkòròdú, mò ń lọ Mile 12 kí n tó wọ ọkọ̀ míì lọ ra síìpù àti lénì lọ́jà Balógun, télọ̀ ni mí. A ò tíì kọjá Ogolonto tí bọ̀ọ̀dá kan fi dìde láàárín ọkọ̀, ó gbàdúrà fún gbogbo wa, a ò ní rí ogun ojú ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín. Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìgbẹ́ tí a ò ṣu tán láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa ṣì wà nínú ìfun wa, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ìdí ìkòkò ìrẹsì tó jóná, pé òun ló ń fa orí fífọ́, ẹ̀yìn ríro, àìrọ́mọbí, nǹkan ọkùnrin tí ò ṣiṣẹ́ mọ́, kódà ojú tó ń ṣú. Ó mú fóònù jáde ó fi fọ́tò hàn wá, nǹkan dúdú gígùn bí okùn, ó ní inú oníbàárà òun kan ló ti jáde. Tíì inú páálí ni, ẹ mu ún ọjọ́ mẹ́ta, ìfun yín á mọ́ bíi ti ọmọ tuntun.

Màmá tó jókòó tì mí ra méjì. Wọ́n á tó ọmọ ọgọ́ta ọdún dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń wá owó nínú báàgì ni mo rí oògùn BP wọn, káàdì oògùn méjì tí wọ́n fi rọ́bà so pọ̀. Mo rọra sọ fún wọn pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì mu kiní yìí o, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń fún yín ní oògùn BP. Bọ̀ọ̀dá yẹn gbọ́. Ó ní, "Àǹtí, irú yín ni òyìnbó ti gba ọpọlọ wọn, ẹ ò gba ewé àti egbò tí Ọlọ́run fún àwọn baba wa gbọ́ mọ́." Àwọn kan nínú ọkọ̀ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Èmi! Màámi ta àgbo lọ́jà Sábó fún ohun tó lé ní ogún ọdún, owó àgbo ló rán mi níléèwé, owó àgbo ló ra máṣíìnì tí mo fi ń ránṣọ títí dòní. Láti kékeré ni mo ti ń fọ ìgò, tí mò ń já àsúnwọ̀n, tí mò ń gé egbò orúwo, tí mo mọ òórùn kán-ún yàtọ̀ sí ti àlùbọ́sà eléwé nínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó lè fi ewé dẹ́rù bà mí, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ mi pé ewé ò ṣiṣẹ́. Àsúnwọ̀n ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ìbátan rẹ̀ fi wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún ẹni tí ò lè yàgbẹ́, senna ni wọ́n ń pè é. Ìyá ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 torí oògùn ibà tó rí nínú ewé. Ìjà mi ò sí pẹ̀lú ewé rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé fífọ ìfun tí wọ́n ń pariwo yìí kì í ṣe ti àwọn baba wa.

Tí ẹ bá dé ìsọ̀ màámi, tí ẹ ní ẹ fẹ́ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, wọn ò ní kàn bu fún yín. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín léèrè títí tí ojú á fi fẹ́ẹ̀ tì yín. Ọjọ́ mélòó ló ti ń ṣe ẹ́? Ṣé ó ń ta ẹ́ ni àbí ó ń lọ́? Ibo ló wà gan-an, fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde? Ṣé o rí nǹkan oṣù ẹ? Tó bá jẹ́ obìnrin tí oṣù ẹ̀ ti kọjá, wọn ò ní tà á fún un, ó lè bẹ̀ títí. Ẹni tó bá sì wá pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, òun kàn fẹ́ fọ inú ni, màámi á wò ó, wọ́n á ní inú tí ò dùn ẹ́, kí lo fẹ́ lọ bá níbẹ̀. Bí àgbo ṣe rí nílé wa nìyẹn, ẹ ó mu ún torí àìsàn kan, tí ara bá ti yá ẹ ó fi sílẹ̀.

Ìtàn ìgbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìfun yìí, ọwọ́ òyìnbó ló ti wá, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní nǹkan bí 1900, àwọn dókítà kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbà pé ìgbẹ́ tó bá pẹ́ nínú ń fi májèlé pa ẹni tó gbé e sínú lára. Autointoxication ni wọ́n sọ ọ́. Dókítà kan wà ní Battle Creek ní Michigan, John Harvey Kellogg, ará ilé àwọn tó ń ṣe kọnfílééksì tí a mọ̀ yẹn, ó ní máṣíìnì tó fi ń da omi sí ìdí èèyàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oníṣẹ́ abẹ tó lórúkọ gan-an, William Arbuthnot Lane, ń gé ìfun ńlá kúrò lára àwọn tí kò rí ìgbẹ́ yà dáadáa, gé e kúrò pátápátá! Ní 1919 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Walter Alvarez, wá kọ ọ́ pé ẹ wò ó, ẹni tí orí ń fọ́ torí pé kò yàgbẹ́, bó bá ṣe yà á báyìí ni orí ẹ̀ á fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ májèlé ló ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ṣé á ti inú ẹ̀jẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni? Inú tó kún tó ń fún èèyàn mọ́ra ni, kì í ṣe májèlé. Àwọn oníṣègùn wọn pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ohun tí òyìnbó ti pa tì láti ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ni wọ́n kó sínú páálí, tí wọ́n ya ewé sí lára, tí wọ́n wá ń fi bú èmi ọmọ alágbo nínú bọ́ọ̀sì.

Fọ́tò okùn dúdú yẹn ńkọ́? Awọ inú ìfun wa ń bó, tuntun sì ń hù rọ́pò ẹ̀, láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Níbo ni ìgbẹ́ ọdún tó kọjá máa lẹ̀ mọ́ nígbà tí ògiri tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ gan-an ti bó lọ? Àwọn oníṣẹ́ abẹ ń la ikùn lójoojúmọ́, àwọn míì ń ti kámẹ́rà wọ inú ìfun ńlá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, wọn ò bá okùn kankan níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn oògùn tó ń mú okùn yẹn jáde, ẹ máa rí psyllium, èèpo irúgbìn tó ń wú tó sì ń yọ̀ tó bá kan omi, ẹ máa rí amọ̀ tí wọ́n ń pè ní bentonite. Méjèèjì á pò pọ̀ nínú yín, á mú bí ìfun ṣe rí, á jáde gígùn. Ohun tí ẹ fi owó yín rà lẹ ṣu jáde, òun ni wọ́n ń fi hàn yín pé ẹ̀gbin yín nìyẹn!

Ẹnìkan ti bi mí rí pé ṣebí ọsibítù náà máa ń fọ inú èèyàn kí wọ́n tó ti kámẹ́rà wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe é, kí wọ́n lè ríran, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, omi oníyọ̀ tí wọ́n ti wọ̀n ni wọ́n á fún un, wọ́n á sì ti mọ̀ bóyá kíndìnrín ẹ̀ dáa. Ìyẹn àti ẹni tó ń mu tíì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò jọ ara wọn. Àwọn tó ní ó ń mú àwọn fọn, omi ara àti ìgbẹ́ lẹ gbé sọnù, ẹ padà gun ìwọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbin inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń sọ, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ti wà níbẹ̀, kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà lójúmọ́, láìgba kọ́bọ̀.

Èyí tí wọ́n ń fi máṣíìnì da omi sí ìdí èèyàn ṣe tún wà, mo gbọ́ pé ó ti ń wọ́pọ̀ ní Lẹ́kí. Láàárín 1978 sí 1980 ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ó kéré tán èèyàn 36 ni kòkòrò amoeba mú lẹ́yìn tí wọ́n lọ fọ ìfun ní ibì kan náà. Wọ́n gé ìfun ńlá mẹ́wàá nínú wọn, mẹ́fà kú. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wọlé.

Àmọ́ kì í ṣe Colorado ló mú mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Àbúrò mi ni.

2017 ni, ó ń gbé ní Agric pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní ìdodo, tó bá di alẹ́ ó ti sún sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ara gbóná, ó ń bì. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, gààrí àti ṣúgà tí ò jẹ́ kó gbádùn, wọ́n lọ ra oògùn ìfọnú fún un, ó mu ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó yàgbẹ́ títí. Ní ìdájí ó ní ó ti ń fúyẹ́, inú wọn dùn. Àṣé ó ti bẹ́ ni. Nígbà tí màámi fi máa ti Ìgbógbò débẹ̀, ikùn ẹ̀ ti le bíi pákó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Màámi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e pẹ́rẹ́, wọ́n ní èyí kì í ṣe jẹ̀dí, ẹ gbé e dìde, ẹ wá kẹ̀kẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Appendix, ìfun kékeré kan tó so mọ́ ìfun ńlá, ló bẹ́, ọyún ti kún inú ẹ̀. Dókítà bi wá pé kí ló mu, nígbà tí a sọ, ó mi orí, ó ní ẹni tí appendix ń yọ lẹ́nu kì í mu oògùn ìyàgbẹ́, torí ńṣe ló máa ń fún ìfun pọ̀, kí ibi tó ti wú fi bẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò ní wọ́ọ̀dù. Ọlọ́run ló ní ká rí i lónìí.

Orí bẹ́ńṣì níta tíátà ni màámi wà tí wọ́n ń sunkún, wọ́n ní, "Èmi tí mò ń ta àgbo, ọmọ mi lọ ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ò bi í pé kí ló ń ṣe ọ́." Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé mi.

Orúkọ jẹ̀díjẹ̀dí yìí gan-an ni mo bẹ̀rù jù. A ti sọ gbogbo nǹkan di jẹ̀dí. Ẹ̀yìn ń ro ọ́, jẹ̀dí ni. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde láti oṣù mẹ́ta, jẹ̀dí ni, mu tíì. Ó lè jẹ́ jẹ̀dí lóòótọ́, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ìfun ńlá, irú èyí tó pa Pelé ní December 2022, tó pa Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther, ní 2020, ọmọ ọdún 43 péré. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ò ní sọ èyí tó jẹ́ fún yín, dókítà ló máa wò ó. Mo mọ̀ pé ọsibítù ò rọrùn, ẹ ó ti jí dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà, ẹ ó gba káàdì, ẹ ó tò, ẹni tí ẹ bí lọ́mọ á jágbe mọ́ yín, owó tẹ́ẹ̀sì á wá pọ̀ ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹni tó ń ta tíì ń rẹ́rìn-ín sí yín, ó ń pè yín ní mọ́mì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bú ẹni tó ń rà á. Ẹni tó ń tà á láìbéèrè ni mò ń bá wí.

Wọ́n tún máa ń na nọ́ńbà NAFDAC síta. Ẹ ka ara páálí náà dé ìsàlẹ̀, lára ti àwọn oògùn ìbílẹ̀ wọ́n máa ń kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò.

Ẹni tí ìgbẹ́ ń ṣòro fún, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ, ẹ jẹ ọsàn pẹ̀lú háhá inú ẹ̀, ẹ mu omi, ẹ máa rìn. Tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ fi hàn.

Màmá inú bọ́ọ̀sì yẹn ò dáhùn mi. Wọ́n kó páálí méjèèjì sínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn BP, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 12, èrò sì gbé wọn lọ kí n tó rí àyè sọ èyí tó kù, pé tí oògùn BP yẹn bá jẹ́ irú èyí tó ń mú èèyàn tọ̀, tí tíì tún wá ń mú wọn yàgbẹ́, iyọ̀ ara tó ń gbé ọkàn ṣiṣẹ́ lè tán lára wọn, potassium ni dókítà ń pè é. Mi ò gba nọ́ńbà wọn. Aṣọ àǹkárá búlúù olódòdó funfun ni wọ́n wọ̀, báàgì dúdú tí síìpù ẹ̀ ti bàjẹ́, Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Tó bá jẹ́ màmá yín ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú báàgì yẹn.