Fíìmù ló dá mi padà sídìí kámẹ́rà
Òótọ́ lẹ kọ nínú ìròyìn yín, pé àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ń padà sí kámẹ́rà onífíìmù. Kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan o. Kubwa ní Àbújá níbí ni mo wà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹgbẹ̀rún fọ́tò lọ́jọ́ kan, ọkàn mi kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé kámẹ́rà bàbá mi jáde nínú àpótí, ó di ẹsẹ̀ àpáta Zuma. Fọ́tò 36 péré ló wà nínú fíìmù kan. Mo dúró títí oòrùn àárọ̀ fi kan ojú àpáta, ẹyọ mẹ́rin ni mo yà. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìròyìn yín kò mẹ́nu bà ni ooru ìhín. Inú oògùn tí a fi omi pò la ti ń fọ fíìmù kí àwòrán tó hàn. Ìwọ̀n 20 Celsius ni wọ́n sábà máa ń fọ fíìmù dúdú-òun-funfun sí, omi ẹ̀rọ wa nínú oṣù kẹta sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí oògùn bá gbóná, kíá ló ń ṣiṣẹ́, fíìmù á wá dúdú jù. Yìnyín ni mo fi ń tu ú lára. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Eruku á lẹ̀ mọ́ fíìmù tútù, àpá rẹ̀ á hàn lójú fọ́tò. Balùwẹ̀ tí mo ti wọ́n omi sí nílẹ̀, kí eruku lè rọlẹ̀, ni mo ń sá a sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos, òtútù ibẹ̀ á gbè yín gan-an.